Ọjọ́ Mẹ́fà sí Ìlú Aró

Ọjọ́ Ajé, Èkó sí Ìbàdàn

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni a wọ̀ ní Alágómejì. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin ló gbé báàgì aṣọ wa. Èmi gbé àpò aláwọ kan tí ìwé ìyàwòrán wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù mẹ́rin àti bíléèdì tí mo fi ń gbẹ́ ẹnu wọn. Àpò yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá mi gbé e.

Ohun tó gbé mi rìn nìyí. Wọ́n fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ mi ní Èkó, láti orí àkọ́kọ́ dé orí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, nítorí pé mo pé ọdún 75. Ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìpàtẹ náà, ọmọ tó mọṣẹ́ tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi, ní kí n kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa bí ọwọ́ mi ṣe dàgbà. Mo kọ gbólóhùn kan: “Ìdí ìkòkò aró ìyá mi ní Òṣogbo ni mo ti kọ́ bí a ti ń fa ilà, ìyẹ́ adìyẹ ni bíróọ̀ṣì mi àkọ́kọ́.” Ó ti tó ogójì ọdún tí gbólóhùn yìí ti wà lẹ́nu mi. Mo ti sọ ọ́ fún oníròyìn, mo ti sọ ọ́ lórí rédíò, mo sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó ọmọ mi pàápàá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ tán, èkejì kọ̀, kò wá. Oṣù méjì kọjá. Ni mo bá ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé, bóyá ó rántí àwọn àpẹẹrẹ tí ìyá wa máa ń yà sára aṣọ.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń wo igbó bó ṣe ń sá lọ sẹ́yìn. Ojú tuntun ni mo fi ń wò ó. Ní 2020 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú mi méjèèjì, wọ́n yọ ohun tó bò ó bí èéfín. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, ńṣe ni mò ń wo ayé bí ẹni tó wo ó láti inú ife tíì, ohun gbogbo pọ́n rẹ́súrẹ́sú, n kò sì mọ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń bò ó. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ògiri tí mo ti ń wò bí ẹni pé ó ti gbó, àṣé aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kùn ún. Mo délé, mo kó àwòrán mẹ́sàn-án tí mo yà láàárín 2014 sí 2019 síta, mo sì jókòó sílẹ̀ lójijì. Àwọn tí mo rò pé mo fi àwọ̀ eérú kùn, aró gidi ni, aró lórí aró! Ojú mi kò rí i mọ́ ni mo ṣe ń dà á lé e lórí. Èyí tó burú jù nínú wọn ni àwọn ènìyàn ń yìn jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Wọ́n ní mo ti wá jinlẹ̀.

A sọ̀ ní Mọ́níyà lẹ́yìn bíi wákàtí méjì àbọ̀. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo lọ sí Èkó ní 1967, ojúmọ́ kan gbáko ni, ìyá àgbà kan sì gbé agọ̀ adìyẹ lé mi lẹ́sẹ̀ títí a fi dé Ìdó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìbàdàn

Mo ní kí ọmọ yìí bá mi gun òkè Màpó. Àwọn òpó gbọ̀ngàn yẹn wà nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́ láró, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn: òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan. Ọmọ bi mí pé kí ni ṣíbí ń wá láàárín òpó. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló máa mọ̀.

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo ń ya òpó. Èkíní dúró, èkejì dúró, ẹ̀kẹta fi èjìká ti ọ̀run bí ọ̀mùtí. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n díẹ̀ láti ọdún tó kọjá. N kò pa á rẹ́. Mo sé èémí, mo fa ẹ̀kẹrin láti òkè délẹ̀, ó tọ́ bí ọfà. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi ní Mushin, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ara ọkọ̀ ló ń kọ. Gbogbo bọ́lẹ̀kájà àti lọ́rì tó ń gba Agége Mótò Ródù lásìkò yẹn, tí ẹ bá rí “Kò Sọ́ba Bí Ọlọ́run” tí ojìji pupa wà lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mò ń fi kẹrosíìnì fọ bíróọ̀ṣì. Oṣù mẹ́fà tó tẹ̀lé e, mò ń di okùn mú. A ó fi ẹfun pa okùn, ọ̀gá á mú orí kan, èmi á mú èkejì, a ó fà á le sára pákó, ọ̀gá á wá fi ìka ta á: pàà! Ilà funfun á jókòó gbọọrọ, orí rẹ̀ ni lẹ́tà máa dúró sí. Tó bá wá kan lẹ́tà fúnra rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì mú ọ̀pá kan tó we aṣọ mọ́ lórí, á gbé e ti ara ọkọ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọ̀pá, á sé èémí, á sì fa ìdajì O lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní mí títí bíróọ̀ṣì á fi kúrò lára pákó. Àárín lẹ́tà kan sí èkejì ló ti ń mí. Tí a bá mí láàárín lẹ́tà, ìkọ́ lórí ni, ìka rẹ̀ sì le.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè iye oníròyìn tí mo dárúkọ rẹ̀ fún. Kò sí. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ayàwòrán, n kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní akọ̀wé ara ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá aláró ló dùn ún gbọ́ létí.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, a gba Dùgbẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ fi han ọmọ yìí ibi tí Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, wà ní 1961, níbi tí Ṣóyínká, Okigbo, Ulli Beier àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń pàtẹ àwòrán. Ó ń wo fóònù rẹ̀. A jẹ àmàlà, a lọ sùn.

Ọjọ́rú, Òṣogbo

Láti Ìwó Ródù, a gba ọ̀nà Ifẹ̀, a yà ní Gbọ̀ngán. Òròkí, ìlú aró. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí a tó fojú rí ìlú ni imú ti máa ń gbọ́ òórùn ìkòkò aró. Èéfín mótò nìkan ni mo gbọ́ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde kí egungun mi má baà há. Ó gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ síwájú wa, ó jẹ́ kí a jẹun tán kó tó béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ka gbólóhùn mi fún un, tìyanutìyanu, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

“Àkànní, ìyẹ́ wo?”

“Ìyẹ́ adìyẹ tí a fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ta ló ń yà á?”

“Àwa náà ni. Ìyá wa, ẹ̀yin, èmi.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí ó gbá tábìlì. “Ìwọ kẹ̀! Bọ́ọ̀lù lo máa ń gbá ní pápá ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Tí wọ́n bá pè ọ́ kí o wá gbé omi eérú, o ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo mú ìyẹ́ nínú ilé yìí, o da ọpọ́n ẹ̀kọ rú sórí aṣọ oníbàárà, ìyá wa sì lù ọ́ títí tí Bàbá Àgbà fi bẹ̀ ẹ́. Látọjọ́ náà, tí ìyá wa bá ti ní aṣọ nílẹ̀, ó máa ń lé ọ jáde.”

Mo ní mo rántí ìyẹ́ náà. Mo rántí bí ẹ̀kọ ṣe ń tutù ní ẹnu rẹ̀, bí ó ṣe ń fa ilà méjì lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹnu ìyẹ́ bá là.

“O rí i lọ́wọ́ mi ni. Èmi ni mò ń yà á láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá wa ò ríran tó lálẹ́, èmi ló ń bá a parí Ìbàdàndùn.”

Ọmọ-ọmọ mi ò gbójú kúrò lára fóònù, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi nípa ṣíbí tó wà láàárín òpó, kí ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ó ní, “Àyè ṣófo níbẹ̀. Kí lo fẹ́ kí wọ́n fi dí i?”

Oorun kò kùn mí. Aṣọ funfun ní ń sunkún aró, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ń sunkún èkejì tantan. Èmi wá èkejì wá, wọ́n sì gba ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, Igbó Ọ̀ṣun

Mo dìde ní kùtùkùtù, mo lọ sí igbó kí àwọn àlejò tó pọ̀. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Mo bá Ìyá Moòpó tí Àdùnní Olóòrìṣà fi sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ mọ síbẹ̀. Ìyá Moòpó ló ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, aró rírẹ, ìkòkò mímọ. Mo ti yà á tó ìgbà mẹ́wàá láyé mi. Lónìí mo kàn wò ó. Ojú tì mí díẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ẹni tó ti ń jí nǹkan ilé wọn ta.

Àdùnní, Susanne Wenger tí wọ́n bí ní Austria ní 1915, tó sì kú sí Òṣogbo ní oṣù kìíní 2009, kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó kọ́ ọ, ó sì fi ya ìtàn àwọn òrìṣà sára aṣọ ńláńlá. Òyìnbó obìnrin tó ti òkè òkun wá mọ ẹ̀kọ yà jù mí lọ, èmi ọmọ aláró. N kò ro ọ̀rọ̀ yìí rí títí dòní.

Ní ọ̀sán, mo dúró ní òdìkejì ibi tí Mbari Mbayọ̀ wà. Ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀ ni tẹ́lẹ̀, Popular Bar, kí òun àti Ulli Beier tó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ọnà ní 1962. Mbari, ọ̀rọ̀ Ígbò ni. Àwọn ará ìlú ló gbọ́ ọ bí “m̀bá rí i, m̀bá yọ̀”. Ní 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀, ó fún wọn ní ọ̀dà àti pákó, kò sì sọ ohun tí wọ́n máa yà fún wọn. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé ijó ló bá wá. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń tan iná fún eré Ládiípọ̀ kó tó di ẹni tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára àwòrán. Múráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé, gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Èmi? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo wà lójú fèrèsé. Mo gun orí bíríkì, mo ń yọjú. Mo rí ẹnìkan tó kun ojú ènìyàn ní àwọ̀ ewé, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Mo délé, mo fi èédú ya ojú ènìyàn sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn kan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpàtẹ pé mo wà lára àwọn ọmọ Òṣogbo tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Bó ṣe ń rí nìyẹn: ènìyàn á kàn dákẹ́ ni, irọ́ á sì máa dàgbà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Ilé-Ifẹ̀

Mo lọ mú àwòrán méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó tọ́jú wọn dáadáa. Ìkán ò jẹ wọ́n.

Kí n tó dé Ifẹ̀ nígbà náà, ọ̀dà olóróró ni mò ń lò, aró ni mo sì gbé sórí. Yusuf Grillo ni gbogbo wa ń wò lásìkò yẹn ní Èkó, ẹni tó ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yaba College of Technology fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó kú ní 2021. Ara aláró bí àṣálẹ́, gèlè aláró, ọ̀run aláró. Mo fara wé e títí ọkùnrin kan tó ń ta àwòrán fi sọ fún mi lójú gbogbo ènìyàn pé Grillo tí oòrùn pa ni mò ń yà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Lẹ́yìn 1989 ni mo máa ń wá sí Ifẹ̀ déédéé. Ọdún náà ni Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fìlání, Tọ́lá Wẹwẹ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà sílẹ̀. Òkédìjí ti lọ wo àwọn obìnrin tó máa ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Erùpẹ̀, ẹfun, èédú, ewé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà. Ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún. Wọ́n á kun tọdún yìí bo tèṣí mọ́lẹ̀, wọn ò sì sunkún. Èmi náà ju ọ̀dà olóróró sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń wa ilẹ̀, mò ń lọ̀ ọ́, mò ń sẹ́ ẹ, mò ń pò ó. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kan aró mọ́ láyé. Pupa, funfun, dúdú tó. Mo gbàgbé pé lẹ́nu àwọn àgbà wa, abẹ́ dúdú ni aró wà.

Ọ̀kan nínú àwòrán méjì yìí jẹ́ ti 1994, àwọn obìnrin mẹ́ta lójú ọ̀nà odò. Mo gbé e síta sínú oòrùn, ọmọ-ọmọ mi sì bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ní láárí láti ọjọ́ Ajé: “Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò kun ara wọn?” Mo wò ó dáadáa. Òtítọ́ ni. Apá wọn, ojú wọn, ilà ara aṣọ wọn, aṣọ àwòrán funfun lásán ni. Ẹ̀yìn wọn àti àyíká wọn ni mo kùn; ibi tí mi ò kùn ló di obìnrin. Mo ní kó gbé àwọn àwòrán tó wà lórí fóònù rẹ̀ jáde, ti 1978, ti 1985, ti 2003. Bákan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀gá mi ní Mushin kì í ṣe báyẹn. Lẹ́tà ló ń kùn, kì í kun ẹ̀yìn rẹ̀. Grillo kì í ṣe báyẹn. Ẹlẹ́kọ ló ń yà ohun tí aró kò gbọdọ̀ kàn.

Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa ní òun náà ló ni ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Òṣogbo

Ó ti mọ ohun tí mo máa béèrè kí n tó yanu. Ó ti po ẹ̀kọ láàárọ̀, èlùbọ́ láfún tó sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ó jọ̀lọ̀ bí ọ̀gì. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí pákó, ó gé ìyẹ́ adìyẹ méjì, ó fún mi ní ọ̀kan.

“Ó yá, bíróọ̀ṣì rẹ àkọ́kọ́.”

Mo sé èémí bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ilà tí mo fà tọ́, ó tọ́ gan-an, ó sì kú. Ó rí bí ìlà ojú títì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sé èémí. Ó ń bá ọmọ aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ nípa owó omi ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ: ìyẹ́ kan ẹ̀kọ, kan aṣọ, ó yí, ó gbé e sókè, òpó dé, ṣíbí dé, òpó dé. Ní ibi tí ẹnu ìyẹ́ là sí méjì, kò tún un ṣe, ó jẹ́ kó di ọ̀ṣọ́. Èmi tí mo ń gbọ̀n lórí Màpó, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n, bóyá ó tilẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ti sọ gbígbọ̀n rẹ̀ di àpẹẹrẹ.

Nígbà tí ẹ̀kọ gbẹ nínú oòrùn, a gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin aláró kan ní ẹ̀yìn ilé. Kò sí ìkòkò eérú mọ́, ike ńlá aláwọ̀ ewé ni, aró òyìnbó àti sódà ló wà nínú rẹ̀. Ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó fà á jáde. Àwọ̀ ewé ni ó fi jáde, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rántí. A dúró tì í. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn láti etí wá sí àárín, ó di aró lójú wa. Ó tún kì í bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tí mo rí lọ́mọdé, ojú mi ló rí i. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi pàápàá kò jiyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti ha ẹ̀kọ kúrò, mo pe ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìpàtẹ. Mo ní kó pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti Mushin, mo pe orúkọ ọ̀gá mi fún un ní gbogbo rẹ̀. Mo ní aṣọ kan ń bọ̀, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún un lára ògiri àkọ́kọ́, níwájú tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́. “Èló ni wọ́n máa san lórí aṣọ mi?”

Mo ní kì í ṣe fún títà, ìpàtẹ ni.

“Ìwọ lò ń pàtẹ. Èmi, mò ń tà.”

A nájà títí iná fi lọ. Owó tí mo san kò ṣeé sọ fún ìyàwó mi. Lẹ́yìn tó ti ka owó tán, ó pe ọmọ-ọmọ mi pé kí ó kọ orúkọ òun sórí fóònù fún wọn, orúkọ òun gan-an, pẹ̀lú orúkọ bàbá wa, kì í ṣe Ìyá Ìbejì. Ọmọ kọ ọ́. Ó ní kó kà á. Ó kà á. Ó ní kó fi àmì sí i bó ṣe yẹ, torí bó ṣe pè é yẹn, orúkọ ẹlòmíì ni.